Iṣẹ́ Tí Màmá Mi Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Màmá mi bi mí léèrè ní Tirupúrù
lọ́dún tí mo wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ Velavan:
"Kayalvizhi, ṣé ìwọ lò ń rán an?"
Rárá, Màmá.
"Ìwọ lò ń tà á?"
Èmi kọ́.
"Àbí ìwọ lò ń wọ̀ ọ́?"
A jọ rẹ́rìn-ín. N kò rí orúkọ kankan fi pè é.
Ó ní kí n ṣáà ti máa gbowó
lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀.

Ìdí okùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí,
àlùmọ́gàjí kékeré lọ́wọ́, mò ń gé ìrù òwú
lára ẹ̀wù àwọn ọmọ tí n kò ní rí láé.
Lọ́sàn-án, mo máa ń yọjú sí yàrá òkè
níbi tí Murugesan ti ń ṣí ìwé kan tó kún fún ègé aṣọ,
nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní kí nìyí.
Ó ní, "Ohun tí a ṣèlérí ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi.
Mo kọ́ bí bọ́tìnì mẹ́rin ṣe ń jẹ èrè tán,
bí òwú ṣe ń súnkì lẹ́yìn omi àkọ́kọ́,
pé ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹni tí síìpù rẹ̀ kò tíì dé,
pé "a óò rí i" lẹ́nu aláró, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni,
pé oníbàárà tó kọ "ẹ ṣeun" nìkan, inú ń bí i.
Mo kọ́ láti sọ pé rárá.
Ìyẹn ló pẹ́ jù.

Lọ́dún kẹta, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìyeyè dé.
Ẹgbàárin ẹ̀wù.
Frauke kọ̀wé láti Hámbọ́ọ̀gì:
"Èyí kọ́ lẹ fi hàn mí. Ó ti pọ́n jù."
Ọ̀gá wa dojú bo tábìlì.
Murugesan ní ká dá gbogbo rẹ̀ padà sínú aró.
Mo mú ègé méjèèjì, mo lọ bá Marudhan,
ẹni tí aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.
Ó wò wọ́n nínú oòrùn: bákan náà.
Ó kó wọn wọ ilé ìdáná, sábẹ́ gílóòbù ìyàwó rẹ̀:
ọ̀kan ṣì jẹ́ ìyeyè,
ọ̀kan ti di èèpo ọsàn.
Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, a ti ń gbọ́ ọ tipẹ́;
ta ló sọ fún wa pé
iná oníná náà kò jọ iná ẹni?

Mo kọ̀wé lóru. N kò bẹ̀bẹ̀.
"Abẹ́ iná wo lẹ ti wò ó?"
Ọjọ́ méjì, kò sí èsì.
Lọ́jọ́ kẹta: "Iná ọ́fíìsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni."
Ó gba ìdajì.
Ìdajì yòókù, ẹ̀dínwó ló kó o lọ.
N kò lè pe ìyẹn ní ìṣẹ́gun,
àmọ́ láti ìgbà náà, orúkọ tèmi
ni Frauke ń kọ sókè lẹ́tà.

Ìdí fèrèsé ti di tèmi báyìí.
Lálẹ́ àná, mo mú ẹ̀wù kan lọ sílé,
èyí tí mo fọwọ́ sí pé kò lábùkù.
Màmá kò tiẹ̀ wo iwájú rẹ̀.
Ó yí inú rẹ̀ síta,
ó fi ìka tó fi ká òwú fún ọgbọ̀n ọdún
tọ ojú rírán náà lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ó dúró lábẹ́ abíyá.
Abẹ́rẹ́ ti fo ibì kan.
"Ta ló wo èyí?"
Èmi ni.
"Iṣẹ́ rẹ nìyẹn? Wíwò?"
Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.
"Ó dáa," ó ní. "Bá mi mú abẹ́rẹ́ wá,
kí o sì wò mí."